Ọmọ Tí A Kì Í Pè Lẹ́ẹ̀mejì

Bí o bá fẹ́ rí ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé ní òpópónà wa lẹ́yìn Jákàńdè ní Ìsọlọ̀, Nimọ́ta ni kó o pè. Pè é lẹ́ẹ̀kan péré. Ì báà máa fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, ì báà wà ní balùwẹ̀ tí ọṣẹ bo ojú rẹ̀, wàá gbọ́ "Ẹ mà!" kó o tó pa ẹnu dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bí wọ́n bá dárúkọ Nimọ́ta nínú rédíò, yóò kúnlẹ̀ fún rédíò. Àwa àgbà kò bá wọn rẹ́rìn-ín o. Ọmọ ìwòyí tó o máa pè lẹ́ẹ̀mẹta, tó máa kọ́kọ́ yọ nǹkan kúrò létí kó tó bi ọ́ pé kí lo wí, ta ni irú rẹ̀ kò tíì sú?

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tàwàkálítù lorúkọ obìnrin náà, ọmọ Ìkìrun, opó tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ ike. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ló ń wọṣẹ́, aago méje òwúrọ̀ ló ń jáde, ọ̀sán ló sì ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló ń lọ, kì í bá ará ilé fa wàhálà. Ohun méjì péré ni a lè fi pè é ní alágídí. Àkọ́kọ́, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irun rẹ̀. Ìbòrí kì í kúrò lórí rẹ̀, kódà bó bá fẹ́ sùn, á so ó pinpin mọ́ etí. Èkejì, kò lè fara dà á kó pe ọmọ rẹ̀ kí ìdáhùn pẹ́. Nígbà tí Nimọ́ta wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, eré gbà á lọ́kàn lọ́jọ́ kan, kò tètè dáhùn. Ìyá rẹ̀ nà án. Lẹ́yìn náà ló gbá a mọ́ra, ó ń sunkún ju ẹni tí wọ́n nà lọ. Ọmọdé kì í bi àgbà ní ìdí irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Nimọ́ta kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn kíákíá ni.

Lẹ́yìn tó parí ìwé mẹ́wàá, tó ń dúró de yunifásítì, ìyá rẹ̀ ní kó wá iṣẹ́ kan kọ́, kó má jókòó lásán. Aṣọ rírán ló ní lọ́kàn fún un. Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Kẹ́milọ́lá, onídìrí tó wà nítòsí géètì Jákàńdè, ni Nimọ́ta gbà lọ. Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá ń bu omi mu. Ó gbé ife kalẹ̀.

"Irun?" ó bi í. "Gbogbo iṣẹ́ tó wà ní Ìsọlọ̀, irun ló wù ẹ́?"

"Ẹ mà. Ọwọ́ mi yá sí i. Àǹtí Kẹ́mi ní òun ò tíì rí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ yá tó báyìí."

Ìyá rẹ̀ fa ìbòrí rẹ̀ wálẹ̀ mọ́ etí. Ó ní, "Ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lé ẹ lẹ́sẹ̀." Nimọ́ta rò pé nítorí kí ẹsẹ̀ má bàa ro òun ni. Ó ní òun ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n ta ló máa dirun fún wákàtí mẹ́fà tí kò ní sùn? Orí àpótí kékeré ni oníbàárà ń jókòó sí láàárín orúnkún ẹni tó ń dirun fún un. Fáànù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ooru ń mú, ìka ń rìn wúyẹ́wúyẹ́ nínú irun. Àgbà tó ní òun ò ní sùn á kọ́kọ́ máa mi orí, á yán, kó tó di pé ó fi orí lélẹ̀.

Jennifer ló kọ́kọ́ sùn lé e lẹ́sẹ̀, ọmọbìnrin kan láti Ire-Akárí tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Irun kéékèèké ló fẹ́ dì. Nígbà tó di ọ̀sán, ọrùn rẹ̀ rọ̀, orí rẹ̀ sì balẹ̀ sórí orúnkún Nimọ́ta. Nimọ́ta kò fẹ́ jí i nítorí ó ń ṣàánú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ, àfi bí ṣọ́ọ̀bù ṣe kúrò lójú rẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ńlá kan. Jennifer jókòó sáàárín, kóòtù báńkì lókè, síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé nísàlẹ̀, ó ń wá bírò. Gbogbo bírò tó bá mú ń di igi ìṣáná. Nimọ́ta fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló rí ilẹ̀kùn kan ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, ilẹ̀kùn pákó tí ọ̀dà aláwọ̀ ewé ti ń bó lára rẹ̀. Ó ṣí díẹ̀, òkùnkùn ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti inú òkùnkùn yẹn, ohùn ọkùnrin kan pe, "Jennifer!"

Jennifer fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Gbọ̀ngàn mì, ó sì ta jí.

"Jésù," ó wí, ó ń nu ojú. "Mo ń wá bírò, gbogbo ẹ̀ ń di ìṣáná, Daddy mi tún wá pè mí. Ó ti kú o, ó ti pé ọdún márùn-ún. Mummy mi ní anytime tí mo bá ti gbọ́ ọ lójú àlá, n ò gbọdọ̀ dáhùn."

"Ta ló máa dáhùn?" ni Àǹtí Kẹ́mi dá a lóhùn láti ìdí díráyà. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Má dáhùn o, my dear. Ẹni tí kò bá yọjú síni, a kì í dá a lóhùn."

Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò kìlọ̀ fún pé bó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò rí ẹni tó pè é, kó dákẹ́. Nimọ́ta náà ti gbọ́ ọ láti kékeré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ohun tó ń yà á lẹ́nu kọ́ nìyẹn. Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni bírò tó ń di ìṣáná. Ó ti rí i, kí Jennifer tó rọ́ ọ. Àwọn àgbà ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Ajá kan ti wà báyìí ní Ìsọlọ̀ tí àlá rẹ̀ kò gbé inú rẹ̀ mọ́.

Oṣù méjì gbáko ni Nimọ́ta fi gbádùn ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ni kò ní gbádùn rẹ̀? Ó rí obìnrin àlùfáà kan tó ń jó lórí tábìlì. Ó rí ìyá arúgbó tó padà di ọmọ ọdún méje, tó ń gun igi ìbẹ́pẹ ní ìhòòhò. Kò sọ fún ẹnì kankan. Bó bá délé, á máa rẹ́rìn-ín lóun nìkan, ìyá rẹ̀ á sì máa wò ó láìsọ nǹkan. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín náà ń gbẹ. Nítorí nínú gbogbo àlá wọ̀nyẹn, ì báà jẹ́ ti ọlọ́jà, ì báà jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, ilẹ̀kùn ọlọ́dà ewé yẹn kì í ṣaláìsí níbẹ̀. Àwọn ènìyàn yìí kò mọ ara wọn. Ta ló gbé ilẹ̀kùn kan náà sínú oorun gbogbo wọn? Ohùn tó ń ti inú rẹ̀ wá ló ń yàtọ̀. Bó bá ṣe ìyá ni ẹni náà fẹ́ràn jù láyé, ohùn ìyá ni. Bó bá ṣe ọkọ ni, ohùn ọkọ ni. Gbogbo wọn ló ń pa ẹnu mọ́, tí wọ́n á sì jí.

Gbogbo wọn, àfi Ìyá Adémidé.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Ìyá Adémidé, ó ń gbé ní ọ̀kan nínú àwọn bulọ́ọ̀kù Jákàńdè. Kì í wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òfo, á ra ẹ̀pà sísun wá fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó sùn bí Nimọ́ta ṣe ń di ṣùkú fún un. Àlá rẹ̀ dákẹ́ jẹ́jẹ́. Ó jókòó sí pálọ̀ tirẹ̀, ó ń ká aṣọ ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ilẹ̀kùn náà wà níbi tó yẹ kí fèrèsé wà. Ohùn ọkùnrin kan jáde, ó pẹ̀lẹ́, kò kánjú.

"Ọláfimíhàn," ó wí.

Obìnrin náà gbójú sókè. Nimọ́ta ń dúró kó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ló rín. "Mo ń bọ̀, ọkọ mi," ó wí, ilẹ̀kùn náà sì ṣí gbayawu.

Ó jí pẹ̀lú ayọ̀. Ó ní òun kò sùn báyìí rí látìgbà tí ọkọ òun ti lọ. Ó ṣa gbogbo irun tó re sílẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, ó so ó, ó kì í bọ àpò, kí ọwọ́ aráyé má bàa tẹ̀ ẹ́. Nimọ́ta ń wo bó ṣe ń ṣọ́ irun yẹn, inú rẹ̀ kò dùn. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, tí í ṣe ọjọ́ kẹta, Ìyá Adémidé jẹun ọ̀sán, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi máa pè é fún oúnjẹ alẹ́, ó ti tutù.

Nígbà tí ìròyìn dé ṣọ́ọ̀bù, ìyàrun bọ́ lọ́wọ́ Nimọ́ta. Ó sọ fún Àǹtí Kẹ́mi pé ibà ń ṣe òun, ó sì jókòó sílé. Ó pinnu pé òun kò ní fọwọ́ kan orí ẹni tó ń sùn mọ́ títí ayé. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, lójú tirẹ̀.

Àṣé ilé gan-an ni ọ̀ràn wà. Nítorí tó ń gbé ilé lọ́sàn-án báyìí, ó wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń sùn, ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe láti ọjọ́ tó ti ń lọ sílé ìwé. Ní ọjọ́ kejì, ó gbọ́ tí ìyá ń kérora. Ó yíjú sí i. Ojú ìyá dì, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ètè rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra débi pé wọ́n funfun. Ọ̀fun rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ há síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, omijé ṣàn jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, ara rẹ̀ sì rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, bákan náà. Ní ọjọ́ kẹrin, bákan náà.

Wọ́n ń pè é, ni Nimọ́ta wí nínú ọkàn rẹ̀. Wọ́n ń pe ìyá mi. Lọ́jọ́ kan, ó máa rẹ̀ ẹ́, á sì dáhùn.

Kò ní bàbá mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Dáúdà ló kù ní Ìkìrun. Ìyá yìí nìkan ni gbogbo ohun tó ní láyé, kò sì fẹ́ pàdánù rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ọgbọ́n rẹ̀ gbé. Bí ìyá bá ti dùbúlẹ̀, á jẹ́ kí abọ́ já bọ́. Á tan rédíò. Á béèrè ibi tí iyọ̀ wà, nígbà tí iyọ̀ wà níwájú rẹ̀. Á ṣí fèrèsé kí ariwo ẹ̀rọ ìlọta lè wọlé.

Ìyá fara dà á fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ẹ̀rín bo ìbínú. "Nimọ́ta."

"Ẹ mà!"

"Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Ṣé o gbọ́? Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà." Kò lè sọ ọ́. Báwo ló ṣe máa sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń wọ inú oorun olóorun?

Nígbà tó di òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀, ìyá wọlé, apá aṣọ rẹ̀ ọ̀tún ti fàya dé èjìká. Ó jókòó, kò bọ́ bàtà.

"Mo tòògbé," ó wí. "Máṣíìnì fa aṣọ mi wọlé. Bí kì í bá ṣe ọ̀gá wa tó sáré pa iná, ọwọ́ mi ì bá ti lọ. Ọmọ mi, mo bẹ̀ ẹ́, jẹ́ kí n sùn lónìí."

Nimọ́ta wo apá aṣọ tó ya náà, ó bú sẹ́kún. Òun tí kò jẹ́ kó sùn ló fẹ́ pa á. Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un, ó ti fèrèsé, ó pa rédíò. Ìyá sùn kí orí rẹ̀ tó kan ìrọ̀rí. Nimọ́ta jókòó tì í, ó ń ṣọ́ ọ. Kò tíì pé wákàtí kan tí ètè ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra, tí ọ̀fun rẹ̀ ń gbọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tí agbára ti tán.

Ìgbà náà ni Nimọ́ta pinnu. Bí òun kò bá lè lé oorun lọ, òun á bá a wọ inú rẹ̀. Ó tú ìbòrí ìyá rẹ̀. Ó di ọdún méjìlélógún tí ẹnikẹ́ni ti rí irun yẹn kẹ́yìn, àfi ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ó kún, ó dúdú, ewú díẹ̀ wà níbẹ̀. Nimọ́ta ki ìka bọ̀ ọ́.

Àgbàlá kan ni ó bá ara rẹ̀, kànga ní ọwọ́ ọ̀tún, igi ọsàn ní ọwọ́ òsì. Ọmọbìnrin kan jókòó lábẹ́ igi, ẹ̀gbẹ́ kan irun rẹ̀ dídì, ẹ̀gbẹ́ kejì títú. Ìyá rẹ̀ ni, nígbà tó wà ní ọjọ́ orí tí Nimọ́ta wà yìí. Níwájú rẹ̀, ilẹ̀kùn ọlọ́dà ewé náà dá dúró láìsí ilé, láìsí ògiri.

"Àdùkẹ́," ni ohùn obìnrin àgbàlagbà kan wí láti inú rẹ̀, ó ń fi oríkì pè é. "Àdùkẹ́ mi, wá sọ ẹrù kalẹ̀ fún mi. Ọrùn ń ro mí."

Omijé ń dà lójú ọmọbìnrin náà. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Nimọ́ta kò dúró mọ́. Ó sáré, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀ pinpin. Èémí ọmọbìnrin náà ń fẹ́ sí i lọ́wọ́. "Ẹ má dáhùn," ó ń sọ sí i létí. "Màámi, ẹ má dáhùn."

Ohùn náà dákẹ́. Inú Nimọ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá rẹ̀ gan-an, ohùn tó fi ń pè é láti ọjọ́ tó ti dáyé, dún láti inú òkùnkùn: "Nimọ́ta!"

"Ẹ mà!"

Orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó rántí pé ẹnu ìyá òun ṣì wà lábẹ́ ọwọ́ òun. Ilẹ̀kùn náà ṣí gbayawu.

Nígbà tó lajú, ìyá rẹ̀ ti jókòó dìde, ó ń wo ìbòrí tó wà nílẹ̀. Ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò bínú, ẹ̀rù ló kún inú rẹ̀.

"Nimọ́ta, ta lo dá lóhùn?"

Ọmọ náà rọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí Jennifer títí dé orí Ìyá Adémidé. Ìyá ń tẹ́tí, kò já lu ọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ìyá fi ọwọ́ lu itan ara rẹ̀.

"Èmi ni mo ṣe ẹ́," ó wí. "Èmi tí mo mọ̀ tí n kò sọ. Èmi náà dirun rí, ní Ìkìrun, ọwọ́ mi sì yá bíi tìẹ. Mo wọ àlá ẹnì kan, mo dáhùn níbi tí kò yẹ kí n dáhùn. Ẹni tó bá ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kò lè pa ẹnu mọ́ mọ́. Ohùn náà máa padà wá ní ọjọ́ kẹta, ẹni náà á sì tún dáhùn, ó sì ti lọ nìyẹn. Ìyá mi ló wọ inú àlá wá bá mi. Òun ló dáhùn dípò mi. Ẹni tó bá dáhùn lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n ń mú, wọn kì í wo orúkọ. Látìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn náà ti ń fi ohùn rẹ̀ pè mí, ọdún méjìlélógún rèé. Mi ò dáhùn rí, Nimọ́ta. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Oorun lásán lò ń rí, ọmọ mi. N ò ní dáhùn."

"Ètè yín ń gbọ̀n," ni Nimọ́ta wí.

"Ẹkún ni. Ṣé kí n má sunkún ìyá mi ni?"

Nimọ́ta bi í pé kí ló dé tó fi na òun nígbà kékeré tí òun kò tètè dáhùn.

"Mo fẹ́ máa gbọ́ ohùn ẹ," ìyá dáhùn. "Bí mo bá pè ẹ́ tó o pẹ́, ọkàn mi á ti lọ. Mo rò pé mò ń fi ṣọ́ ẹ ni."

Jímọ́ọ̀ ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìyá kò lọ síbi iṣẹ́. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ àfáà mọ́sáláṣí wa, àfáà ṣàdúà, ó fún wọn lómi mu, wọ́n sì mu ún. Ní Sátidé, wọ́n rìn kiri láti Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì, lórí ẹsẹ̀ ni, kí oorun má bàa mú ọmọ náà. Wọ́n dúró lórí bíríìjì, wọ́n ń wo èrò tó ń wọ́ lọ nísàlẹ̀. Àgbàdo sísun ni wọ́n jẹ padà wálé. A rí wọn bí wọ́n ṣe di ọwọ́ ara wọn mú, a sì ń sọ láàárín ara wa pé ìfẹ́ ìyá àti ọmọ yìí mà dára o. A kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tó di ọ̀sán Sọ́ńdè, ojú Nimọ́ta ti pọ́n, ara rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí àìsùn. Ìyá kírun Àìlà. Ó wẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá tó ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá, kò sì wé ìbòrí. Ó ní kí Nimọ́ta rántí pé nọ́ńbà Ẹ̀gbọ́n Dáúdà wà lára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pé kọ́kọ́rọ́ àpótí wà nínú agolo mílíìkì. Nimọ́ta ní òun mọ̀. Ó yẹ kó bi í pé kí ló dé, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ti kú.

"Gbé àpótí wá," ni ìyá wí, "kí n dirun fún ẹ. Màá fà á le. Irun tó bá ń dunni kì í jẹ́ ká sùn."

Nimọ́ta jókòó sáàárín orúnkún ìyá rẹ̀. Ní tòótọ́, ìlà àkọ́kọ́ dùn ún. Ìlà kejì dùn ún. Ìyá ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ nípa kànga Ìkìrun, nípa igi ọsàn, nípa bàbá Nimọ́ta tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá a kiri kó tó mọ ilé rẹ̀. Ìlà kẹta kò dùn ún. Ìlà kẹrin, ìka ìyá rọ̀ bí ẹni ń pa epo sí ọmọ tuntun lórí. Ìgbà náà ni ó yé Nimọ́ta. Ó fẹ́ dìde. Ó fẹ́ pariwo.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á le."

"Sinmi," ni ìyá wí. "Sinmi, Nimọ́ta mi. Ó ti tó."

Orí rẹ̀ balẹ̀ sórí orúnkún ìyá rẹ̀.

Yàrá wọn yìí náà ni, bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, fèrèsé. Ilẹ̀kùn ọlọ́dà ewé dúró níbi tí ilẹ̀kùn wọn máa ń wà, ó sì ti ṣí sílẹ̀. Ìyá jókòó tì í. Láti inú òkùnkùn, ohùn ìyá kan náà pè, "Nimọ́ta!"

Ẹnu rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n. Ọwọ́ kan bò ó lẹ́nu, ọwọ́ tó ń rùn fún epo irun àti ọṣẹ, ó sì dì í pinpin. Lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ìyá rẹ̀ dáhùn.

"Ẹ mà."

Nígbà tí Nimọ́ta jí, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Ìlà márùn-ún ló ti parí lórí rẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú irun rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dì í mọ́, ó ti tutù. Ó pè é. Ó tún pè é. Ẹ̀yin tí ẹ mọ yàrá yẹn, ẹ mọ̀ pé wọn kò pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀ rí.

Ó ṣì ń gbé òpópónà wa. Kò padà sí ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ló ń rán báyìí, ìbòrí kì í sì í kúrò lórí rẹ̀. Bó o bá pè é, kò ní dáhùn. Á rọra jáde wá sẹ́nu ọ̀nà, á wo ojú rẹ dáadáa kó tó la ẹnu. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò ní wọn kò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé. Àwa tí a mọ̀ ọ́n kò pè é mọ́. Bí a bá fẹ́ rí i, a máa ń rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.